Aago mi kú lẹ́yìn tí mo tú u fọ̀ tán: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá àléébù rẹ̀?

Ọmọ-Iṣẹ́:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ gbà mí. Aago bàbá mi ni, èyí tí à ń fi ọwọ́ wáìn. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ ni ETA 6497-1, tó ní òkúta 17 (àwọn òkúta kéékèèké tí ṣóńṣó ọ̀pá kẹ̀kẹ́ ń yí nínú wọn), tó máa ń lù nígbà 18,000 láàárín wákàtí kan. Kí n tó tú u, ó ń lọ, àmọ́ ó máa ń falẹ̀ débi pé àràárọ̀ ni bàbá ń tún un ṣètò. Mo wá sọ pé màá tú u fọ̀ fúnra mi, torí ẹ̀rọ yìí tóbi, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ní òun ló dáa fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Mo tú u, mo ń ya fọ́tò bí mo ṣe ń tú u. Mo rẹ gbogbo rẹ̀ sínú sípíríìtì, mo fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, mo jẹ́ kó gbẹ, mo sì fi ọ́ìlì sí gbogbo ibi tí mo ti rí i pé nǹkan méjì ń fara kan ara wọn. Kò sí síkúrù kankan tó ṣẹ́ kù lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wáìn ín, báláǹsì, kẹ̀kẹ́ tó ń fì lọ fì bọ̀ láti darí ìyára aago, fì lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, ó dákẹ́. Tí mo bá mì í, á gbéra, kò ní tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tí á tún kú. Mo ti yọ báláǹsì, mo sì ti dá a padà lẹ́ẹ̀mẹfà láti àná. N kò tíì sọ fún bàbá. Kí ni mo ṣe sí aago yìí?

Onísùúrù:

Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Gbé ọwọ́ kúrò lára báláǹsì ná. Ẹ̀ẹ̀mẹfà tí o ti yọ ọ́ yẹn bà mí lẹ́rù ju kíkú tí aago kú lọ. Sípíríǹgì tó ká bí ìgbín lórí rẹ̀ tín-ín ju irun orí lọ. Bí ẹnu ẹ̀mú bá ṣèèṣì kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré, o ti fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ nìyẹn.

Bí mo ṣe máa ń rò ó nìyí. Agbára inú aago ní ọ̀nà kan ṣoṣo tó ń gbà. Ó ń ti inú àgbá tí sípíríǹgì ńlá wà bọ́ sára àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín, láti ara wọn dé kẹ̀kẹ́ ẹsikéèpù, èyí tó gbẹ̀yìn nínú wọn, láti ibẹ̀ dé fọ́ọ̀kì, irin kékeré oníwo méjì tó ń fò lọ fò bọ̀ láàárín ẹsikéèpù àti báláǹsì, kó tó kan báláǹsì. Ibì kan ti dí lójú ọ̀nà yẹn. Má wá a káàkiri. Pín ọ̀nà náà sí méjì, kí o mọ apá tí àléébù wà, kí o tún pín apá yẹn sí méjì.

Kọ́kọ́ tú agbára inú àgbá sílẹ̀. Di orí tí o fi ń wáìn ín mú dáadáa láàárín ìka méjì, yí i síwájú díẹ̀ kí èékánná tó di kẹ̀kẹ́ orí àgbá mú lè dẹ̀, fi igi ṣóńṣó fa èékánná náà sẹ́yìn, kí o wá jẹ́ kí orí náà máa yọ́ yí padà lábẹ́ ìka rẹ títí agbára á fi tán. Má jẹ́ kó já mọ́ ọ lọ́wọ́ o. Ẹni tó bá yọ fọ́ọ̀kì nígbà tí agbára ṣì wà nínú àgbá á rí i bí gbogbo kẹ̀kẹ́ á ṣe sá lọ fìrì, ibẹ̀ ni eyín àti ṣóńṣó ọ̀pá ti ń kán.

Lẹ́yìn náà, yọ báláǹsì pẹ̀lú afárá rẹ̀ (irin tí a fi síkúrù dè lé e lórí láti dì í mú), yọ fọ́ọ̀kì náà pẹ̀lú afárá tirẹ̀. Wáìn ín díẹ̀, kí èékánná dún lẹ́ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Máa wo kẹ̀kẹ́ ẹsikéèpù. Tí ọ̀nà bá mọ́, àwọn kẹ̀kẹ́ á gbéra lójú ẹsẹ̀, wọ́n á sáré, nígbà tí agbára bá sì tán, ẹsikéèpù kò kàn ní dúró lójijì: á yí padà sẹ́yìn díẹ̀, bí ẹni tó sáré kọjá ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ tó wá padà. Tí o bá rí ìpadàsẹ́yìn yẹn, fi àwọn kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ọ̀ràn wà lọ́dọ̀ fọ́ọ̀kì tàbí báláǹsì. Tí o kò bá rí i, má tíì wo báláǹsì rárá.

Ìyá Ìbejì:

Ohun tí ẹ̀gbọ́n Onísùúrù sọ ni kí o ṣe, àbúrò. Ṣùgbọ́n kí o tó yọ fọ́ọ̀kì, àyẹ̀wò kan wà tí kì í gba àkókò. Yọ báláǹsì nìkan. Fi fọ́ọ̀kì sílẹ̀ sáyè rẹ̀, wáìn ín kí èékánná dún bíi lẹ́ẹ̀marùn-ún. Wá fi orí igi ṣóńṣó ti ìrù fọ́ọ̀kì wẹ́rẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan. Kò yẹ kí o tì í dé òpin o. Ìwọ kàn máa bẹ̀rẹ̀ ni, òun fúnra rẹ̀ á fò lọ sí òdìkejì, pàá! Tì í padà, á tún fò.

Má ṣe é lẹ́ẹ̀kan kí o ní ó ti dáa. Eyín 15 ló wà lára ẹsikéèpù, èyí ni pé fọ́ọ̀kì á fò nígbà 30 kí kẹ̀kẹ́ náà tó yípo kan. Ka gbogbo 30 náà. Tí ó bá lọ́ra níbì kan ṣoṣo, eyín kan ló ní àbàwọ́n. Tí ó bá ń lọ́ra níbi gbogbo, bóyá agbára kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bóyá fọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ ń lẹ̀.

Gbólóhùn tí o kọ pé o fi ọ́ìlì sí "gbogbo ibi" yẹn, màá padà sí i.

Ọ̀gá Bẹ́ǹṣì:

Èmi ní tèmi, báláǹsì ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, torí ojú lásán ni mo fi ń wò ó, kò gba kí n tú nǹkan kan. Gbé aago sókè kí ojú rẹ bá a dọ́gba, kí o wo sípíríǹgì rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ṣé ó tẹ́ pẹrẹsẹ? Ṣé àlàfo àárín ìká kan àti èkejì dọ́gba? Ṣé kò fara kan apá báláǹsì nísàlẹ̀ tàbí afárá lókè? Ìká tó wà níta pátápátá ńkọ́, ṣé àárín pín-ìnnì méjì tó ń darí ìyára ló wà, àbí ó ti bọ́ síta?

Nǹkan kan tún wà tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kì í fura sí. Òkúta pupa kékeré kan wà lábẹ́ báláǹsì tó gbọ́dọ̀ bọ́ sí àárín ìwo méjèèjì fọ́ọ̀kì. Tí o bá gbé báláǹsì sílẹ̀ tí òkúta yẹn bọ́ sẹ́yìn ìwo, á dà bíi pé gbogbo nǹkan wà létò, síkúrù á wọlé, ṣùgbọ́n báláǹsì á kàn máa gbọ̀n ni, kò ní fì. Wò ó kí o tó ṣe ohunkóhun.

Tí fọ́ọ̀kì kò bá sì sí nínú ẹ̀rọ, dá báláǹsì nìkan padà, kí o fi rọ́bà ìfẹ́-eruku fẹ́ ẹ díẹ̀, kí ó máa fì. Ó yẹ kó fì fún ìlàjì ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó sì máa dínkù wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣe é kí ojú aago wà lókè, kí o tún dojú rẹ̀ délẹ̀. Tí ó bá pẹ́ ní ọ̀nà kan tó sì tètè dúró ní ọ̀nà kejì, ṣóńṣó tàbí òkúta tó ru báláǹsì ní ọ̀nà kejì yẹn ni kí o lọ wò.

Onísùúrù:

Mo gbà. Ojú nìkan o, àbúrò. Ẹ̀mú kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibẹ̀.

Ọmọ-Iṣẹ́:

Ẹ ṣé, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀. Sípíríǹgì báláǹsì tẹ́, kò kan nǹkan kan, òkúta pupa wà láàárín ìwo. Nígbà tí mo fẹ́ báláǹsì láìsí fọ́ọ̀kì, ó fì ju ogójì ìṣẹ́jú àáyá lọ lọ́nà méjèèjì.

Fọ́ọ̀kì kò fò rárá. Èmi ni mo ń tì í lọ tì í bọ̀. Nígbà tí mo tì í dé àárín, ó dúró sí àárín níbẹ̀.

Nígbà tí mo wá tú agbára sílẹ̀ tí mo yọ fọ́ọ̀kì, àwọn kẹ̀kẹ́ sáré lóòótọ́, inú mi dùn. Àmọ́ wọ́n dúró lójijì. Kò sí ìpadàsẹ́yìn. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún, bákan náà ni.

Ìyẹn túmọ̀ sí pé àléébù méjì ni àbí ọ̀kan?

Bàbá Aláago:

Ọmọ mi, méjì ni. Jẹ́ kí n mú ti fọ́ọ̀kì, torí òun ló sún mọ́ ohun tí o fi ọwọ́ ara rẹ ṣe.

O fi ọ́ìlì sí ṣóńṣó fọ́ọ̀kì. Ọ̀pọ̀ wa ló ṣe é nígbà tí à ń kọ́ṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ ń yí lọ ní ọ̀nà kan láìdúró, ọ́ìlì ń ràn án lọ́wọ́. Fọ́ọ̀kì kì í yípo. Ìgbà márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ló ń fò lọ fò bọ̀ lórí aago tìrẹ, ó ń dúró, ó ń gbéra, ó tún ń dúró. Ó fúyẹ́ bí ìyẹ́. Ìwọ̀nba ọ́ìlì tí o fi sí i á dì í mú bí ẹrẹ̀ ṣe ń di ẹsẹ̀ mú. Nítorí náà, a kì í fi ọ́ìlì sí ṣóńṣó rẹ̀. Òkúta méjèèjì apá rẹ̀ nìkan, ojú ibi tí eyín ẹsikéèpù ti ń yọ̀ kọjá, la máa ń fi ọ́ìlì kín-ín-kínní sí.

A kì í fi sí eyín àwọn kẹ̀kẹ́ tó ń gbé agbára lọ. A kì í jẹ́ kó kan sípíríǹgì báláǹsì láé. Ibi tó tọ́ sí ni ihò òkúta tí ṣóńṣó kẹ̀kẹ́ ń yí nínú rẹ̀. Òkúta yẹn ní àwo kékeré kan tí wọ́n gbẹ́ sí i lójú. Ọ́ìlì kó kún ìlàjì àwo náà, kó má kún un dé etí. Ọ́ìlì tó kún àkúnya kò ní dúró. Yóò ṣàn tẹ̀ lé ọ̀pá lọ síbi tí kò yẹ, ibi tó yẹ kó wà gan-an á sì gbẹ. Ọ́ìlì tó ki ni fún àgbá àti kẹ̀kẹ́ àárín tó ń yí jẹ́jẹ́ pẹ̀lú agbára púpọ̀, èyí tó ṣàn fún kẹ̀kẹ́ tó ń sáré.

Nǹkan kan tún wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ tó dùn mí: o rẹ fọ́ọ̀kì sínú sípíríìtì. Gọ́ọ̀mù tó di àwọn òkúta fọ́ọ̀kì mú, shellac ni, sípíríìtì sì ń yọ́ ọ. Òkúta pupa abẹ́ báláǹsì náà, òun ló dì í mú. Fi dígí amóhun-tóbi wo ẹ̀yìn fọ́ọ̀kì: ṣé gọ́ọ̀mù náà ṣì wà níbẹ̀, tó ń dán? Fi orí igi ṣóńṣó kan òkúta kọ̀ọ̀kan wẹ́rẹ́. Bí ọ̀kan bá mì, dúró níbẹ̀, kí o gbé fọ́ọ̀kì náà fún ẹni tó lè tò ó padà, nítorí bí òkúta bá sún níwọ̀n tí ojú lásán kò lè rí, aago kò ní lọ. Láti òní lọ, fọ́ọ̀kì àti báláǹsì kò gbọdọ̀ wọ inú sípíríìtì. Bẹ́ńsíìnì aago, omi ìfọ̀ tí àwọn aláago ń lò, kì í ṣe nǹkan kan fún gọ́ọ̀mù yẹn. Òun ni kí o fi fọ̀ wọ́n, kí o má sì jẹ́ kí wọ́n pẹ́ nínú rẹ̀.

Ìyá Ìbejì:

Ẹ kú ọ̀rọ̀, Bàbá. Ó ku ti àwọn kẹ̀kẹ́.

Àbúrò, kó o tó tú afárá àwọn kẹ̀kẹ́, mú ẹ̀mú, kí o gbá ọ̀pá kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan mú jẹ́jẹ́, gbé e sókè, sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní àyè díẹ̀ láti lọ sókè sódò, nǹkan bíi 0.02 sí 0.03 mílímítà fún àwọn kéékèèké. Ojú kò lè wọn ìyẹn, ọwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n. O lè dojú ẹ̀rọ náà délẹ̀ kí o tún dá a padà lábẹ́ dígí: wàá rí i tí kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan ń bọ́ sílẹ̀ díẹ̀. Èyí tí kò bá bọ́ ni kí o mú.

Lẹ́yìn náà, dẹ síkúrù afárá náà, ìlàrin ìyípo péré, kí o tún wáìn ín díẹ̀ láìsí fọ́ọ̀kì. Tí àwọn kẹ̀kẹ́ bá wá ń sáré dáadáa nígbà tí síkúrù dẹ̀, tí wọ́n sì há nígbà tí o dè é, afárá ló ń tẹ kẹ̀kẹ́ kan: bóyá ìdọ̀tí wà lábẹ́ afárá tí kò jẹ́ kó jókòó, bóyá ṣóńṣó kan kò sí nínú ihò rẹ̀. Tí kò bá sí ìyàtọ̀, ihò òkúta ni kí o fura sí.

Tí o bá sì ń dá afárá padà, máa fi ìka tẹ̀ ẹ́ wẹ́rẹ́, kí o máa fi igi ṣóńṣó ti kẹ̀kẹ́ tó sún mọ́ àgbá. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ máa yí kí síkúrù tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú. Bí ọ̀kan bá dúró bí o ṣe ń de síkúrù, dúró pẹ̀lú rẹ̀. Àádọ́ta ìṣẹ́jú ni mo lò lórí afárá kan rí, ara mi ń gbóná, bẹ́ẹ̀ ṣóńṣó ẹsikéèpù ló jókòó sí etí ihò. Ká ní mo dè é ni, ó kán.

Wo gígùn síkúrù rẹ náà. Wọ́n jọra lórí, wọn ò jọra nídìí. Síkúrù tó gùn jù tí o bá fi há ibi tí kì í ṣe tirẹ̀ lè yọ sí ìsàlẹ̀ kó máa fi orí kan kẹ̀kẹ́.

Ọmọ-Iṣẹ́:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo pẹ́. Ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe é.

Òkúta fọ́ọ̀kì kò mì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ti fi bẹ́ńsíìnì fọ ọ́, mo sì fi sílẹ̀ láìfi ọ́ìlì sí ṣóńṣó rẹ̀.

Síkúrù afárá tí mo dẹ̀ kò mú ìyàtọ̀ wá. Mo bá tú gbogbo kẹ̀kẹ́. Mo ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn padà lóun nìkan, mo ń de afárá, mo ń fẹ́ ẹ bóyá á yí. Kẹ̀kẹ́ àárín yí. Kẹ̀kẹ́ kẹrin yí. Ẹsikéèpù yí. Kẹ̀kẹ́ kẹta yí díẹ̀ ó sì dúró bíi pé ó wà nínú oyin. Mo wo ihò òkúta rẹ̀ lára afárá, mo rí ọ́ìlì àtijọ́ tó ti gbẹ, ó ṣe òrùka dúdú sí etí ihò. Sípíríìtì kò yọ ọ́, búrọ́ọ̀ṣì kò dé ibẹ̀. Mo gbẹ́ orí igi ṣóńṣó kí ó mú bí abẹ́rẹ́, mo tì í bọ ihò náà, mo ń yí i. Ó jáde ní àwọ̀ kọfí. Mo tún orí igi gbẹ́, mo tún tì í bọ̀ ọ́. Ìgbà kẹsàn-án ni igi tó jáde ní funfun. Mo wá ṣe gbogbo ihò tó kù bẹ́ẹ̀.

Ìpadàsẹ́yìn ti wà báyìí! Ẹsikéèpù yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo ń ṣe é mo tún ń ṣe é kí n kàn lè máa wò ó. Fọ́ọ̀kì ń fò ní ìgbà 30 láìlọ́ra. Mo dá báláǹsì padà, ó gbéra fúnra rẹ̀ kí síkúrù tó wọlé tán.

Ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà, ó kú. Tí mo bá fẹ́ ẹ díẹ̀, á tún lọ, nígbà mìíràn ìṣẹ́jú méjì, nígbà mìíràn ìlàjì wákàtí. N kò tíì fi ojú aago sí i, àmọ́ mo fi ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá bọ orí ọ̀pá rẹ̀ kí n lè máa wò ó. Ó jọ pé ọ̀gangan ibì kan náà ló máa ń dúró sí.

Onísùúrù:

O ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibẹ̀! Ohun tí o kọ gbẹ̀yìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù.

Aago á sọ kẹ̀kẹ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu fún ọ bí o bá mọ ìgbà tí kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan ń yípo. Lórí tìrẹ tó ń lù nígbà márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹsikéèpù ń yípo ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà. Kẹ̀kẹ́ kẹrin, tó ru ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá, ń yípo ní ìṣẹ́jú kan. Kẹ̀kẹ́ kẹta ń gba bí ìṣẹ́jú méje sí mẹ́jọ. Kẹ̀kẹ́ àárín ń gba wákàtí kan gbáko, àgbá sì ń gba wákàtí bíi mélòó kan. Torí náà, aago tó bá ń kú ní gbogbo ìgbà tí ọwọ́ ìṣẹ́jú bá dé ọ̀gangan kan, kẹ̀kẹ́ àárín ni. Èyí tó bá ń kú lẹ́ẹ̀kan láàárín wákàtí mẹ́fà tàbí méje, àgbá rẹ̀ ni kí o ṣí.

Tìrẹ ń kú níbi tí ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá bá ti dé ọ̀gangan kan. Kẹ̀kẹ́ kẹrin ni. Ti pé kì í kú ní gbogbo ìyípo kò yí i padà. Ohun tó dí i kéré, agbára máa ń borí rẹ̀ nígbà mìíràn. Nígbà tó bá kú, má fọwọ́ kàn án. Gbé dígí sí ojú, tan iná láti ẹ̀gbẹ́, kí o wo ibi tí eyín kẹ̀kẹ́ kẹrin ti wọ inú eyín kéékèèké ọ̀pá ẹsikéèpù. Ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà ló ń rí ìfun rẹ̀, ìfun èèrà gan-an sì ni ohun tí o ń wá.

Ẹni-Tuntun:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n yà síbí. Tèmi ń lọ dáadáa lórí tábìlì fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí mo bá ti gbé e wọ inú ilé rẹ̀, á kú. Kí ló dé?

Ọ̀gá Bẹ́ǹṣì:

Ohun tó yàtọ̀ láàárín tábìlì àti ilé aago ni kí o wò. Ọwọ́ aago ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí: wò ó láti ẹ̀gbẹ́ bóyá ọwọ́ wákàtí ń kan ti ìṣẹ́jú níbi tí wọ́n ti ń kọjá lórí ara wọn, tàbí ọwọ́ tó ga jù ń kan gíláàsì. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀pá orí ìwáìn, tó bá gùn jù, á máa ti nǹkan nínú bí o bá ti tẹ̀ ẹ́ wọlé. Aago tó ní ọjọ́ oṣù, tó bá jẹ́ pé àyíká ọ̀gànjọ́ ló ń kú, kẹ̀kẹ́ ọjọ́ ló ń fa agbára rẹ̀ tán.

Ará-Ilé-Kejì:

Èmi, tèmi kò kú. Ó ń sáré ni! Lẹ́yìn tí mo fọ̀ ọ́, ó ń fi ìṣẹ́jú ogún lé ní ojúmọ́.

Bàbá Aláago:

Ìká sípíríǹgì báláǹsì ń lẹ̀ mọ́ ara wọn. Tí ìká méjì bá lẹ̀, ó dà bíi pé sípíríǹgì náà kúrú, sípíríǹgì kúkúrú sì ń mú báláǹsì sáré. Ohun méjì ló ń fa á: ọ́ìlì tó kàn án, tàbí òòfà. Gbé kọ́ńpáàsì sí ẹ̀gbẹ́ aago náà nígbà tó ń lọ. Tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n tẹ̀ lé ìlù báláǹsì, òòfà ti mú un. Ẹ̀rọ kékeré tó ń yọ òòfà á yanjú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Tí kò bá jẹ́ òòfà, fi bẹ́ńsíìnì tó mọ́ fọ̀ ọ́.

Àwọn èèyàn máa ń sọ fún mi pé sípíríǹgì òde òní kò lè ṣàìsàn. Lóòótọ́, irin àdàlù oníníkẹ́ẹ̀lì tí Charles Édouard Guillaume ṣe, tó sì gba ẹ̀bùn Nobel fún ní 1920, ló là wá lọ́wọ́ ooru àti òtútù tó ń yí ìyára aago padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀mú tí òòfà ti mú ṣì lè kó o ràn án. Ẹ̀mú àti síkúrùdíráfà yín ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ òòfà lára wọn.

Ọmọ-Iṣẹ́:

Mo ti rí i!

Ó kú ní alẹ́ àná, n kò fọwọ́ kàn án. Mo pa iná yàrá, mo tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́ bí ẹ̀gbọ́n ṣe sọ. N kò rí nǹkan kan láti òkè. Mo gbé ẹ̀rọ náà dàgẹ̀rẹ̀ díẹ̀ ni nǹkan kan dán fìrí láàárín eyín méjì kẹ̀kẹ́ kẹrin. Irun kan ni, funfun, ó kúrú ju irun ìpéǹpéjú ọmọ tuntun lọ, ó sùn sí ìdí eyín níbi tí eyín ọ̀pá ẹsikéèpù á ti gùn ún. Irun búrọ́ọ̀ṣì tí mo fi fọ̀ ọ́ ni. Mo tú agbára sílẹ̀, mo fi orí igi ṣóńṣó tí mo kọ́kọ́ fi kan amọ̀ ìyọ-ìdọ̀tí gbé e jáde. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà funfun. Bí mo bá mí sí i, kì í hàn mọ́.

Mo dá gbogbo rẹ̀ padà. Mo gbé e sórí timegrapher ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìlù aago láti wọn ìyára àti ìfì rẹ̀, a tò ó sí igun 44 dígírì, ìyẹn ìwọ̀n tí báláǹsì ń yí nígbà tí òun àti fọ́ọ̀kì bá fara kan ara wọn. Báláǹsì ń fì ní 272 dígírì tí ojú bá wà lókè, 268 tí a bá dojú rẹ̀ délẹ̀, ó sún mọ́ 240 tí a bá gbé e dúró. Ó ń fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà yára lójúmọ́.

Bàbá Aláago:

Ó dáa gan-an, ọmọ mi. Má tíì de ẹ̀yìn rẹ̀ pa o. Wáìn ín kún, gbé ojú rẹ̀ sókè fún wákàtí 24, kí o tún ka ìfì rẹ̀. Tí ó bá ṣì ju 200 lọ, fi ojú àti ọwọ́ sí i. Tí ó bá já sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, sípíríǹgì inú àgbá ló ti rẹ̀, ra tuntun sí i.

Ìyá Ìbejì:

Kí o sì ju búrọ́ọ̀ṣì yẹn nù.

Ọmọ-Iṣẹ́:

Mo ti jù ú nù, mà. Wákàtí 24 pé ní agogo méje àárọ̀ òní: 226. Mo ti fi ojú sí i, mo fi ọwọ́ sí i, mo ń yí wọn kọjá lórí ara wọn ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, mo ń wò wọ́n láti ẹ̀gbẹ́, wọn kò kan ara wọn. Bàbá wọlé nígbà tí mo ń ṣe é lọ́wọ́. Mo ní kí wọ́n tẹ́tí. Wọ́n gbé e sí etí òsì, èyí tó ń gbọ́ràn dáadáa, wọn kò sì tíì gbé e fún mi padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀, eruku ni mò ń rò.